Ìdánwò Wo-Díńgí Lórí Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Wo-Díńgí fi kọ́ àwọn èèyàn ìlú wa ní mọ́tò wíwà, kò sì sí ẹni tó tún rántí orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́. "Wo díńgí! Wo díńgí!" ló máa ń pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣíná sí mọ́tò títí di ìgbà tí wọ́n bá pa á, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, agérun ni mí, òun ló kọ́ mi, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì kọjú sí géètì rẹ̀. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", nítorí bàbá tó bí mi kò dàgbà tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pariwo mọ́ èèyàn létí fún oṣù mẹ́ta gbáko, tó sì ń wò ó níran nígbà tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí n pè é ní "ó" nínú ìwé, kí ọkàn mi lè balẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí gbogbo ìlú kò mọ̀, tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ni pé ọ̀gá àwọn awakọ̀ yìí kò mọ mọ́tò wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló jókòó sí fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, níbi tí wọ́n ti ṣe bíréèkì kejì sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá gbé e láàárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dá a padà sílé nírọ̀lẹ́. Sátidé nìkan ló máa ń di sítíárì mú, nígbà tí òun àti Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀, bá ń lọ ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ sún sí òsì díẹ̀. Ó tó. Ẹ máa lọ." Báyìí ni wọ́n ṣe ń bo àṣírí náà láàárín ara wọn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wà á. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó gbá òpó géètì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òpó kan náà, ojú ibì kan náà. Ara rẹ̀ ṣì gbà pé ẹ̀gbẹ́ kejì lòun jókòó sí, nítorí náà ààyè tó yẹ kó fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún, òsì ló ń fi í sí. Òun ní tirẹ̀ ní ẹni tó mọ òpó náà ni kò mọ ọ́n síbi tó yẹ.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kejì, ìrìn wákàtí kan sí wa, wá wo òpó, ó wo mọ́tò, ó sì na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ pé kó kó kọ́kọ́rọ́ wá. Mo pa ẹ̀rọ ìgérun, mo fi orí oníbàárà kan sílẹ̀ láàbọ̀, kí n lè gbọ́ dáadáa.

"Bàbá, ẹ ò tún ní wa mọ́tò mọ́," Nọ́ọ̀sì sọ. "Tẹ́ ẹ bá sì wà níbí láìsí mọ́tò, ta ni á máa ra nǹkan wá fún yín? Orúnkún Màámi ò lè gbé wọn dé ọjà. Yàrá méjì ló ṣófo nílé mi. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

"Èmi? Kí n lọ máa gbé nílé ọmọ?" Wo-Díńgí fárí gá. "Kí n máa gba àṣẹ kí n tó tan tẹlifíṣọ̀n? Mi ò lọ síbì kankan. Èmi fúnra mi ni màá máa ra nǹkan wá sílé yìí."

"Kí lẹ máa fi gbé e?"

Ó wo òpó géètì náà. "Kẹ̀kẹ́."

Nọ́ọ̀sì kì í pariwo. Ó ní kò burú, òun fún un ní Sátidé mẹ́rin. Ohunkóhun tí Màámi bá kọ sínú ìwé gbọ́dọ̀ délé ní pípé, kò gbọ́dọ̀ fọ́, kò gbọ́dọ̀ dà nù. Òun yóò wá fi ojú ara òun wo ti ẹ̀kẹrin. Bí ohun kan bá yingin, kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n máa bá òun bọ̀. Bàbá gbà, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn tó ń ra ilẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ń ṣa ìrẹsì nínú àwo, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní nǹkan kan.

Ọjọ́rú ni kẹ̀kẹ́ dé. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán. Ó ní bátìrì lábẹ́ ìjókòó, ó ní ẹ̀rọ kékeré nínú táyà ẹ̀yìn, tí èèyàn bá sì ti tẹ pẹ́dà díẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbà á lẹ́sẹ̀ ẹni, á máa sáré. Agbọ̀n kan wà níwájú, méjì sì rọ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wo-Díńgí yí i po, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà wò, ó gùn ún, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ láti fa bẹ́líìtì. Mo rí i. Kò lè jiyàn.

Bẹ́líìtì kọ́ ni ìṣòro ṣá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Láyé ọjọ́un, bí ewu bá ti yọjú, ẹsẹ̀ ọ̀tún Wo-Díńgí ló ń gbà wá là; á ti tẹ bíréèkì kejì yẹn mọ́lẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ wà. Nígbà tí adìyẹ kan já sójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní. Kẹ̀kẹ́ rò pé ọ̀gá ń kánjú, ó sì fi gbogbo bátìrì ràn án lọ́wọ́. Adìyẹ bọ́. Ọgbà òdòdó aládùúgbò kò bọ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo sáré lọ gbé e dìde. Ó gbọn ewé kúrò lára, ó ní, "Ṣé o rí i bó ṣe fà? Ojúlówó ẹ̀rọ ni."

Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ló fi kọ́ ara rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀. Òun ni olùkọ́, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́. "Ọwọ́! Ọwọ́ ni bíréèkì wà, olódo! Gbé ẹsẹ̀ ẹ jẹ́ẹ́!" Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ṣe ìdánwò fún ara rẹ̀, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe láàárọ̀ Ẹtì, ó tún fìdí rẹmi. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn dọ́ba. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ló tó yege, kò sì yin ara rẹ̀, torí kì í yin akẹ́kọ̀ọ́.

Sátidé àkọ́kọ́, ó jáde bí ọkọ ìyàwó, akoto funfun lórí. Ìyá Nọ́ọ̀sì náà jáde sí géètì, aṣọ ìjáde lọ́rùn rẹ̀, báàgì lápá. Ó wo kẹ̀kẹ́. Ó na ìwé ọjà sí ọkọ rẹ̀, ó sì rọra fi orúnkún rẹ̀ wọlé padà. Mo rí ìyẹn náà, n kò kàn rò ó sí nǹkan kan ni.

Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ló ròyìn ìyókù fún mi. Wọ́n ní nígbà tó dé oríta tí wọ́n kọ "Dúró" sí, ó dúró. Kò sí mọ́tò, kò sí èèyàn, kò sí ewúrẹ́ pàápàá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ pé òun fẹ́ yà, ó sì yà. Ó tètè mọ ètò ẹrù pẹ̀lú: ìrẹsì àti ìgò òróró nísàlẹ̀ agbọ̀n ẹ̀yìn, kí ọ̀tún àti òsì wúwo dọ́gba, àlùbọ́sà lé e, búrẹ́dì lókè pátápátá. Ẹyin nìkan ló máa ń jókòó níwájú, tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé bí ọmọ tuntun, níbi tí ojú rẹ̀ ti tó o.

Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹta, a kò gbádùn mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mọ́tò bá to gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà ọjà tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa páàkì sí, á gba àárín wọn kọjá, á máa kan fèrèsé: "Ṣé ẹ ṣì wà níbí? Èmi ti ra tèmi o." Ìdajì ìlú ló kọ́, nítorí náà ìdajì ìlú ló ń dá a dúró kí i. Ọjà tí kò gbà ju wákàtí kan lọ, wákàtí mẹ́rin ló ń lò níbẹ̀. Á wá kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, á wàásù kẹ̀kẹ́ fún àwọn oníbàárà tí mo ti gé irun wọn dé ìdajì, tí wọn kò lè sá. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó dà bíi pé ó ti ju ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ọjọ́ orí rẹ̀.

Sátidé kẹrin pé. Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìwé ìkà: kíréètì ẹyin kan, bàrà olómi kan, ìrẹsì, òróró inú ìgò, àti tòmátì tó ti pọ́n dáadáa. Ó ní òun á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn nínú mọ́tò òun. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì wọ mọ́tò náà láìjẹ́ pé ẹnì kan pè mí.

Àlọ kò mú wàhálà dání. Àbọ̀ ni a dé ọ̀dọ̀ ilé ìfowópamọ́, tí awakọ̀ kan ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò lójijì síwájú rẹ̀. Mo pa ojú dé. Nígbà tí mo là á, mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí pẹ́dà bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fún bíréèkì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró gbọnin. Ẹyin kò mira. Mo pàtẹ́wọ́ nínú mọ́tò, Nọ́ọ̀sì sì wò mí títí mo fi ká ọwọ́ mi sílẹ̀.

Nílé, ó to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná. Nọ́ọ̀sì ń gbé ẹyin sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i wò. Ó fọwọ́ tẹ tòmátì. Ó gbá bàrà pẹ̀pẹ̀. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ yege. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé mi mọ́. Ẹ máa gbé ibí yín."

Ojú Wo-Díńgí kún fún ayọ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń retí ìyìn.

"Ẹ kú oríire," Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ. "Nọ́ọ̀sì, dúró dè mí. Jẹ́ kí n kó aṣọ mi."

"Aṣọ kẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo yege!"

"Mo gbọ́. Mi ò bá yín jà. Àmọ́ nígbà tá a ní mọ́tò, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Mò ń rí ìgboro, mò ń kí èèyàn, mò ń fọwọ́ mi ṣa tòmátì. Láti oṣù kan, ẹ̀yin lẹ̀ ń jáde, èmi ń kọ ìwé. Orúnkún ló ń dùn mí, mi ò tíì kú. Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lórí kẹ̀kẹ́ yín, ẹ ò sì bi mí rí bóyá mo fẹ́ dúró síbí àbí mo fẹ́ lọ. Ìwọ náà ò bi mí, Nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ lọ."

Ojú tì mí, torí ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe fún oṣù kan, ẹ̀rín ni mò ń rín. Kí oòrùn tó yí, Ìyá Nọ́ọ̀sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ níwájú mọ́tò, wọ́n sì lọ. Wo-Díńgí dúró ní géètì ilé tó fi ìdánwò gbà, bàrà olómi odindi kan ń dúró dè é nínú ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n gé irun òun, irun tí mo gé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kó aṣọ bò ó, mo ń ṣe bí ẹni tó ń gé e. Nígbà tó pẹ́, ó yọ fóònù láti abẹ́ aṣọ, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì. Ṣé dáadáa ni? Rárá, ara mi le. Rárá, ebi ò pa mí, ẹyin ṣì pọ̀ nílé. Màámi ẹ ńkọ́?" Ó gbọ́ èsì. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ní ẹ̀yìnkùlé yín níbẹ̀ yẹn, ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà, níbi tí èèyàn ti lè máa ṣáájì kẹ̀kẹ́?"