Èèpo Tútù Tí Mo Fún Àgbò Iléyá

Òórùn èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń gbẹ lórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé wa ní Ayétòrò, tó kan díẹ̀, tó sì dùn díẹ̀, kì í kọjá nímú mi kí n má rántí àgbò Iléyá ọdún tí mo sin ìlú tán. Kò síṣẹ́, ilé ni mo wà, gbogbo nǹkan ló sì ń ká mi lára. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí: béèyàn ò bá rí ọ̀nà tirẹ̀, àánú ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ á máa ṣe é.

Eggua ni Bàbá mi ti ra àgbò náà. Wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà bí àpò gààrí. Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ìyà lẹ fi jẹ ẹ́ yìí." Wọ́n wo ibi tí okùn ti bó o lẹ́sẹ̀, wọn ò jiyàn. "Òótọ́ lo sọ. Ìwọ ni kó o máa tọ́jú ẹ̀ títí dọjọ́ ọdún."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá mi bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gààrí. Wọ́n máa ń sá èèpo rẹ̀ kó gbẹ dáadáa kí ẹran tó jẹ ẹ́. Èmi rò pé ahun ni: ta ló ń fẹ́ oúnjẹ gbígbẹ nígbà tí tútù wà? Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀gẹ́ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ báyìí, mo gbé odidi abọ́ èèpo tútù síwájú àgbò. Ó ń jẹ, mo ń wo ẹnu rẹ̀, inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi wú lápá òsì bíi bọ́ọ̀lù. Ó ń lọ eyín, ó ń mí hẹlẹ. Tó bá kú fúnra rẹ̀, òkú lásán ni, a ò ní lè jẹ ẹ́, èmi tí mò ń pariwo àánú ni màá sì ti pa á.

Bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé nínú aṣọ funfun. "Kí lo fún un?"

"Èèpo ẹ̀gẹ́."

"Tútù?"

Mo tọ́ka sí abọ́ náà. Wọn ò tiẹ̀ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lé àtẹ̀gùn, wọ́n ń da epo pupa sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ra á níkùn, wọ́n ń pè é ní "ọ̀rẹ́ mi". Epo ta sí gbogbo àyà aṣọ wọn. Oòrùn ti rọlẹ̀ kí àgbò náà tó gùnfẹ̀ ńlá kan.

"Alihamudulilahi!" ni Bàbá wí.

Màmá mi, tí wọ́n ti dé nígbà náà, sọ látẹnu ọ̀nà pé, "Gírádúéètì, ó kí ẹ o. Ó lóun yó."

Láàárọ̀ Iléyá, Bàbá fún un lómi. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti lọ pọ́n ọ̀bẹ, níbi tí kò ti lè rí i, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lójú. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó báyẹn lórí ẹran tí wọ́n máa pa.

Wọ́n ní, "Torí pé mo máa pa á ni."

Mi ò jẹ nínú ẹran náà, wọn ò sì bínú. Títí dòní, mi ò tíì lè sọ bóyá ó tọ́ ká máa pa wọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìfẹ́ inú ara mi ni mo gbé síwájú àgbò lọ́jọ́ yẹn, mi ò béèrè ohun tí ikùn rẹ̀ lè gbà. Ní báyìí, kí n tó fún ewúrẹ́ Màmá mi ní èèpo, mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ ṣẹ́ ẹyọ kan. Tí kò bá tíì dún kẹ́, mo máa ń dá a padà sóòrùn.