Kílọ́ọ̀ṣì Líle Nínú Ọkọ̀ Ilé Alfa

Ní ilé Alfa Sàlímọ́nù ní Tudun Wada, ìṣó kan wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lápá ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ ibẹ̀. Ọmọdé ni Àbdùlgàfárù nígbà tí bàbá rẹ̀ kan ìṣó yẹn, ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ náà dáadáa, nítorí ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Ìjàpá aláwọ̀ eérú kọ́kọ́ wọ inú ilé wọn. Alfa, tó ti Ìlọrin wá kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Minna, kó àwọn ayálégbé jọ, ó ní: "Ọkọ̀ tí aláìsàn ilé kò bá lè rí wọ̀, páànù lásán ni. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ wà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kó mú kọ́kọ́rọ́ kó máa lọ. Kò dìgbà tó bá rí mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ẹnu. Ìyàwó akọ̀wé kan wà láàárín àwọn ayálégbé, Alice, ọmọ Ìkìrun, tí wọn kò tíì pẹ́ gbé wá sí Minna. Alfa fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ títí, wọ́n ní kí ni Alfa ń fi ìyàwó onígbàgbọ́ ṣe nínú ọkọ̀. Ó dá wọn lóhùn pé lọ́jọ́ tí ìyàwó òun bá ń rọbí, ó lè jẹ́ Alice nìkan ni yóò wà nílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Alice ló gbé Sàlíhátù, ìyá Àbdùlgàfárù, lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ayálégbé mọ́. Ọkọ rẹ̀ kú, Roseline ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn, òun kò kó kúrò nílé Alfa.

Nígbà tí Alfa náà fi máa kú, Ìjàpá ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Àbdùlgàfárù, tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ra Gọ́ọ̀fù tòkunbọ̀ kan, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ síbi tí ti bàbá rẹ̀ máa ń wà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó rò pé ó lè ṣe òmíràn.

Òun ni àkọ́bí. Láti kékeré ni ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ti ń jẹ́ ti gbogbo ilé. Bó bá ra bàtà, àbúrò rẹ̀ á wọ̀ ọ́ lọ sóde. Bó bá ra rédíò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni rédíò á máa gbé. Kì í bínú. Ìyá rẹ̀ a máa fi í yangàn pé kò gbóhùn sókè sí òun rí. Àmọ́ ẹni tí kì í bínú náà ní ohun tó ń dùn ún.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bilal ló mú un dé pápá ọlọ́dà tó wà lọ́nà Maikunkele. Olówó kan ló da ọ̀dà sí ilẹ̀ gbọọrọ yẹn pé òun fẹ́ kọ́ ọjà síbẹ̀. Ọjà kò dé, ọ̀dà wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ a máa to táyà àlòkù sí i, wọn a máa sáré yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì máa fi fóònù wo ẹni tó yá jù. Ọjọ́ tí Àbdùlgàfárù kọ́kọ́ gbé Gọ́ọ̀fù rẹ̀ débẹ̀, ó gba àárín àwọn táyà náà kọjá láìkan ọ̀kan, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń pariwo: "Gàfárù! Kai, Gàfárù!" Ó ti ń súnmọ́ ọmọ ogójì ọdún. Kò sẹ́ni tó pariwo orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àfi bí omi bá tán nínú ilé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ́ńjìnì ṣe díẹ̀díẹ̀ kó lè lágbára sí i. Agbára dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọkọ̀ kò ká a mọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ pé kó sáré, ẹ́ńjìnì á ké gbee, ọkọ̀ kò ní lọ tó igbe rẹ̀. Ó gbé e lọ bá Jẹ̀lílì, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Kpakungu. Jẹ̀lílì tú u, ó fi awo kílọ́ọ̀ṣì tó ti jó hàn án.

"Èyí ló yẹ kó di ẹ́ńjìnì àti jíà pọ̀, Bọ̀dá Gàfárù. Ó ti ń yọ̀. Méjì ni mo lè bá yín rà láti Èkó. Ọ̀kan le ju èyí lọ, ṣùgbọ́n yóò gbà fún yín nígboro. Èkejì, ìjà nìkan ló mọ̀. Kì í rọra mú. Bó bá mú, ó ti mú náà nìyẹn."

"Èwo ló wà nínú ọkọ̀ Bilal?"

"Bilal kì í gbé ọkọ̀ yẹn lọ ra ẹran. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ń gbé e lọ sí pápá. Ẹ̀yin, ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń sáré náà lẹ fi ń jẹun."

"Jẹ̀lílì, èwo ló wà nínú ọkọ̀ Bilal?"

Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́. "Tóò. Ẹsẹ̀ yín á ròyìn fún yín. Ta ló tún ń wà á nílé?"

"Èmi nìkan ni," Àbdùlgàfárù dáhùn.

Ọjọ́ tí kílọ́ọ̀ṣì líle náà wọ inú ọkọ̀, bí ẹni ń fẹsẹ̀ ti ògiri ló rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá tú u sílẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á ta síwájú, á kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti rí ọgbọ́n rẹ̀: ibi tó ń mú kò fẹ̀ ju fífẹ̀ ìka lọ, ẹni tó bá sì mọ ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò gbọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, kò sí igbe òfo mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ sì lọ. Inú rẹ̀ dùn lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí gbogbo pápá rí. Ọ̀nà kejì, kò jẹ́ kó hàn sí òun fúnra rẹ̀ tán: ó ti ní ohun kan láyé tí ẹlòmíràn kò lè lò.

Nígbà tó délé, ó dúró níwájú ìṣó. Bó bá mú kọ́kọ́rọ́ sápò, ilé á béèrè ìdí, ìyá rẹ̀ á sì gbọ́ nípa pápá. Bó bá gbé e kọ́ bí ó ti ń ṣe, irọ́ ni. Ó gbé e kọ́. Ó ní òun á bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀.

Jímọ̀ kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Kpakungu, orúnkún òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, nítorí ó ń tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ó ń tú u, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ń gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Gidan Kwano, Gọ́ọ̀fù á wà nílé. Ilé rò pé epo ló ń ṣọ́. Sàlíhátù ní ọmọ òun ti ń gbọ́n bíi bàbá rẹ̀.

Ó wà lórí àkàbà lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ tí Haniyyah ìyàwó rẹ̀ pè é.

"Bàbá Uzair, Labibah yàrá ẹ̀yìn ti ń rọbí. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Màmá Roseline ti mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n ti gbé e lọ. Mo ní kẹ́ ẹ kàn gbọ́ ni."

Ohùn rẹ̀ balẹ̀, bí ohùn ẹni tí ìṣòro rẹ̀ ti yanjú. Àbdùlgàfárù di àkàbà mú.

"Sọ fún wọn kí wọ́n dúró!"

"Kí wọ́n dúró ṣe kí ni? Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà."

Ilé ìwòsàn tí Labibah forúkọ sí wà lẹ́yìn Kpakungu. Ọ̀kadà ló gbé Àbdùlgàfárù. Láti òkèèrè ló ti rí Gọ́ọ̀fù rẹ̀ ní Kpakungu, tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, níwájú obìnrin tó ń dín másà, òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó jó sì bo òórùn másà mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ń rò ó fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Wallahi, ọkọ̀ náà ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Ó fò, ó kú. Ó fò, ó kú. Títí kò fi lè tan mọ́. Àwọn onímọ́tò ní, 'Hajiya, bọ́ sílẹ̀, lọ ro tùwó!' Àwa la gbé aboyún yẹn sínú kẹ̀kẹ́."

Alice ṣì jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni pé ọ̀nà ṣì wà níwájú.

"Gàfárù, ẹsẹ̀ mi ti kú."

"Ẹ rọra, Màmá."

"Ohun tí bàbá rẹ kọ́ mi, ó ti lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọlẹ̀. Mo tú u, ó ta mí síwájú. Ọmọ yẹn ń ké pe Ọlọ́run lẹ́yìn mi, èmi ń pa ọkọ̀. Ṣé bí ọjọ́ ogbó ṣe ń dé nìyí? Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Oníkáàdì ń wò ó, onímásà ń wò ó, àwọn ọmọ ń fọwọ́ kan ara ọkọ̀. Ó gbé e mì.

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀, Màmá," ló sọ.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni Labibah bí ọmọ náà sí, nínú kẹ̀kẹ́. Ọmọ yè. Ìyá rẹ̀ pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, wọ́n dá a dúró pẹ́, ó sì jẹ́ pé ògiri ló ń dì mú nígbà tó padà wálé. Kò sẹ́ni tó dá Àbdùlgàfárù lẹ́bi. Wọ́n tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọkọ̀ wà nílẹ̀. Alice ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọn kò sì ní ibi lọ́kàn. "Màmá Roseline, ẹ jẹ́ ká máa bá yín ti ọkọ̀ kiri!" Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gun àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bó bá jókòó, ẹsẹ̀ tí kò sí ohun tó ṣe é.

Àbdùlgàfárù padà lọ sọ́dọ̀ Jẹ̀lílì. Ó ní kó yọ líle náà, kó fi èyí tó rọ̀ sí i.

"Ẹsẹ̀ ti ròyìn, àbí?" Jẹ̀lílì bi í.

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ tèmi."

Jẹ̀lílì mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Àbdùlgàfárù gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Omi gbígbóná dà sí ọmọ kan lọ́wọ́ nínú ilé, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sáré lọ pè. Lójú Àbdùlgàfárù, Alice gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó kọjá, kò wo ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Roseline gbọ́ pé ẹsẹ̀ ìyá òun ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Alice tí ikú ọkọ kò lé kúrò nílé náà, ó gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹrù méjì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di wọ́n pinpin. Sàlíhátù jókòó lórí ẹní, ojú rẹ̀ wú. Labibah gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Haniyyah ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹrù.

"Alice, ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́?" Sàlíhátù ń sọ. "Ta ni?"

"Ìyá, mi ò fẹ́ di ẹrù lé yín lórí. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ sójú títì."

Àbdùlgàfárù tó ti mọ́ṣáláṣí dé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín kò ṣe nǹkan kan," ló ní. "Èmi ni mo pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀."

Ó sọ nípa pápá. Ó sọ ohun tí Jẹ̀lílì kìlọ̀ fún un.

"O kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mi ò sọ."

"O gbàgbé ni?"

Ìyá rẹ̀ ti ń na ọ̀nà àbáyọ sí i, ó rí i kedere. Ì bá ti gbà á.

"Mi ò gbàgbé, Ìyá. Mo mọ̀ pé kò sẹ́lòmíràn tó lè wà á. Ó dùn mọ́ mi."

Labibah gbé ọmọ rẹ̀ dìde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe rọra ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Bàbá rẹ kò kan ìṣó yẹn kí o lè máa fi irọ́ kọ́ ibẹ̀," Sàlíhátù wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Alice ti dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde bó ṣe wà, láìwọ bàtà. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ tan. Wọ́n gbọ́ tó gbéra jẹ́jẹ́, tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, tó pààrọ̀ jíà, tí ìró rẹ̀ lọ jìnnà. Ó pẹ́ kó tó padà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́, ó jókòó ti Sàlíhátù lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó.

"Àbdùlgàfárù."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Gàfárù ló ń pè é láti ìgbà tó ti ń rá.

"Màmá."

"Wọ́n ń bú mi ní Kpakungu. O dé ibẹ̀. O gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ara mi."

"Mo gbọ́, Màmá."

Alice ń retí bóyá Àbdùlgàfárù yóò bẹ òun. Nígbà tí kò bẹ̀ ẹ́, Alice bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹrù rẹ̀.

Roseline dé lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan ló padà lọ. Àbdùlgàfárù kò dé pápá ọlọ́dà mọ́; Bilal pè é títí ó fi sú u. Alice ń wa ọkọ̀ bó bá yẹ, ó sì ń dá Àbdùlgàfárù lóhùn bó bá kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Bí Labibah bá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀gbẹ́ ìṣó náà ló ń gbà kọjá, á jáde lọ sí títì, á dá kẹ̀kẹ́ dúró.