Ẹni Tó Bá Daddy Jẹ Núdù

Bàbá mi kò jẹun. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mummy kú ní Ìwó, a sin wọ́n, a ṣe fídáù, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì lọ sílé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn ní kí Daddy wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ojú wọn lè kúrò lára bẹ́ẹ̀dì tí Mummy máa ń sùn sí. Mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Daddy mi, tó fi gbogbo ayé wọn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ni wọ́n fi máa ń gbé ohun tí ọmọ iṣẹ́ méjì ò lè gbé, agbádá wọ̀ wọ́n bí ẹni pé wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, àfi bíi pé mo jẹ́ ọkùnrin. Ìdààmú ò jẹ́ kí n rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi.

Mo ní mo máa bọ́ wọn sanra. Mo ra ẹja yíyan ní ọjà Rye Lane, mo ra ṣọkọ tútù, mo ra iṣu tó ti rìnrìn àjò ju èmi gan-an lọ. Mo ro ẹ̀fọ́. Mo fi ẹ̀rọ gún iyán, torí aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ wa ti fi ẹjọ́ odó mi sun council. Daddy á fọwọ́, wọ́n á ṣe Bísímílà, wọ́n á jẹ òkèlè bíi mélòó kan, wọ́n á ní, "Alihamudulilahi, mo ti yó." Yó kẹ̀? Ẹyẹ gan-an kì í tètè yó bẹ́ẹ̀.

Mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó dùn. Mi ò yin ara mi o, ọbẹ̀ ni mò ń yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi á pè láti Ìbàdàn. "Ṣé Daddy ti jẹun?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Á ní kí n yí fóònù sọ́dọ̀ wọn kí òun rí wọn. Á wò wọ́n, á wá ní, "Ṣé oúnjẹ gidi lò ń fún wọn ṣá?" Orí ló yọ ọ́ pé òkun wà láàárín wa.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́. Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe. Mo máa ń lọ sílé àwọn arúgbó òyìnbó ní Nunhead àti Forest Hill, màá gbé oúnjẹ wọn ka iná, màá jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán, màá sì sáré lọ sí ilé ẹlòmíràn. Mo ti rí i bí ó ṣe máa ń rí. Ọkọ á kú, ìyàwó á kàn pa ẹnu mọ́, kò ní jẹun mọ́. Dókítà ò ní rí àìsàn kankan tó lè dárúkọ. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á pè mí láti ọ́fíìsì pé kí n má lọ sí ilé yẹn mọ́. Mi ò fẹ́ kí Daddy bá Mummy lọ. Mummy nìkan ti tó.

Ní Sátidé kan mo mú wọn lọ sí Rye Lane, torí mo rò pé tí wọ́n bá fojú ara wọn yan ẹja, ẹnu wọn á gbà á. Wọn ò yan nǹkan kan. Wọ́n kàn ń kí àwọn ọlọ́jà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, àtẹni tó gbọ́ Yorùbá, àtẹni tí kò gbọ́. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, òjò Lọ́ńdọ̀nù tí kì í rọ̀ dáadáa, tí kì í sì í dá. Daddy ń gbọ̀n. Ibi tó súnmọ́ wa jù ni ilé oúnjẹ kékeré kan tí àwọn ará Vietnam ń ṣe. Mo ti kọjá níwájú ẹ̀ láìmọye ìgbà, gíláàsì rẹ̀ máa ń làágùn nítorí ooru. Mo rí i pé wọ́n lẹ "halal" mọ́ fèrèsé, mo sì ti Daddy wọlé.

Ibẹ̀ kò ju pálọ̀ lọ. Tábìlì gígùn kan ni gbogbo èèyàn ń pín lò, pẹ̀lú àpótí ìjókòó tí kò ní ẹ̀yìn. Ìyàwó alásè ló ń gbé oúnjẹ fún èèyàn. Ó gbọ́ tí mo pe Daddy ní Daddy, òun náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. "Daddy, ẹ jókòó síbí, ibi hítà," ló wí ní gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi gbígbóná fún wọn.

"Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé," ni Daddy wí, wọ́n sì wò mí bí ẹni pé kí n kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé núdù olómi wá fún Daddy, èyí tí wọ́n fi adìẹ sè. Èmi gba tíì. Mo ti jẹ búrẹ́dì ní ìnàró nínú kíṣìnì kí a tó jáde, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Abọ́ tí wọ́n gbé wá, èèyàn lè wẹ ọmọ tuntun nínú ẹ̀. Èéfín ń jáde. Wọ́n gbé àwo ewé tì í, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata. Daddy wo ewé náà dáadáa.

"Wọn ò sè é ni?"

"Báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, Daddy."

Wọ́n já ewé kan, wọ́n fi ìka rún un, wọ́n gbé e sí imú. "Ẹfinrin nìyí."

"Ó jọ ọ́ lóòótọ́."

"Ó jọ ọ́ kọ́, òun ni. Ó dáa fún inú. Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀wà tó hù ni."

"Ẹ̀wà tó hù." Wọ́n mi orí. "Nílé wa, ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀wà hù la máa ń bá wí."

Wọ́n gbé igi méjì tí àwọn onílé fi ń jẹun, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí mẹkáníìkì tí wọ́n fún ní bóòtù láìsí nọ́ọ̀tì, wọ́n sì rọra gbé e kalẹ̀. Wọ́n mú ṣíbí. Mò ń gbàdúrà nínú mi. Tí wọ́n bá lè mu omi ọbẹ̀ náà lásán, mo ti rí nǹkan sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá òyìnbó kan jókòó sí iwájú wa gan-an, báàgì onítáyà tó fi ń rajà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ń dúró de oúnjẹ tirẹ̀. Ó dàgbà ju Mummy lọ, ó sì yẹ kí n máa lo "wọ́n" fún un, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣe ná.

Daddy ṣe Bísímílà. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n rí i pé èèyàn ń wo àwọn, wọ́n sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí máa ń ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n na ọwọ́ sí abọ́, wọ́n sọ ọ́ lédè òyìnbó pé, "Màdáàmù, ẹ wá jẹun."

Gbogbo wa la mọ ohun tó kù. Ẹni tí wọ́n pè á ní, "Ẹ ṣeun, á gba ibi ire." Ẹni tó pè é á máa jẹun rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan abọ́ ẹnikẹ́ni. Bí òyìnbó ò bá tiẹ̀ mọ èsì rẹ̀, wọ́n mọ "no, thank you". Òun ni wọ́n fi ń tọ́ wọn dàgbà.

Ìyá òyìnbó ní, "Háà, ẹ mà ṣeun o." Ó wọ́ àpótí rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó mú ṣíbí nínú ike tí wọ́n ń kó ṣíbí sí. Ó ki ṣíbí náà bọ inú abọ́ bàbá mi, ó sì fi gbé adìẹ.

Yéè! Mo wo Daddy. Daddy wò mí. Mo fẹ́ la ẹnu, Daddy fi ojú pa á mọ́ mi lẹ́nu, ojú tí wọ́n fi máa ń wò wá nílé onílé nígbà tí a wà lọ́mọdé. Wọ́n ti pe èèyàn wá jẹun. Èèyàn ti wá. Kí ni wọ́n fẹ́ wí, pé ẹnu lásán ni?

Ìyá òyìnbó ní ó dùn. Ó fún ọsàn sínú ẹ̀ láìbèèrè. Ó tún bu òmíràn. Nígbà tó tún nawọ́ sí ibi tí itan adìẹ wà, Daddy náà ki ṣíbí tiwọn bọ̀ ọ́. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ gba ẹran wọn là ni.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá òyìnbó ń sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tó máa ń tú pàǹtírí rẹ̀ ká ní Nunhead, tó tún máa ń dúró wo òun bí ẹni pé òun ni àlejò. Daddy kò gbọ́ ìdajì gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dáhùn. "Ṣé lóòótọ́?" "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!" "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n sọ ìtàn jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn kan tí kò gbọ́ tẹlòmíràn àfi tiwọn. Ìyá òyìnbó náà ní, "Ṣé lóòótọ́?" Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yé, wọn ò sì sinmi. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ Daddy ń lọ, ọwọ́ Daddy ń bọ̀, núdù ń wọlé.

Oúnjẹ ìyá òyìnbó wá dé. Ó tì í sáàárín tábìlì, ó ní ó kan Daddy. Mo fò dìde, mo bi ìyàwó alásè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ó ní ewébẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, àti tófù tí wọ́n fi sóyà ṣe. Daddy bu tófù kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dúró díẹ̀.

"Wàrà nìyí," ni wọ́n wí, bí ẹni tó pàdé ará ìlú rẹ̀ ní ìdálẹ̀. Wọ́n bu òmíràn. Wọ́n jẹ ẹ̀wà tó hù.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn tí mo dúpẹ́ tán, inú bí mi. Ẹja yíyan mi ńkọ́? Iyán mi ńkọ́, tí mo fi di ọ̀tá ará ìsàlẹ̀? Ọbẹ̀ tí mo dúró tì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, òkèlè mélòó kan ló gbà níbẹ̀. Omi gbígbóná àti okùn funfun ni Daddy wá ń fi ṣíbí fá nínú abọ́ yìí. Mo mu tíì mi. Ó ti tutù.

Nígbà tí wọ́n dìde láti máa lọ (ẹ rí i, mo ti ń lo "wọ́n" fún ìyá òyìnbó báyìí), wọ́n bọ Daddy lọ́wọ́, wọ́n ní ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti pe àwọn wá jẹun. Wọ́n wọ́ báàgì wọn sínú òjò. Daddy sì dìde dúró títí ìyá náà fi jáde, kí wọ́n tó jókòó padà.

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Daddy, ẹ má bínú o. Ṣé ọbẹ̀ mi ni ò dùn?"

"Ọbẹ̀ rẹ dùn."

"Ṣé iyọ̀ ni? Ṣé ata?"

"Mo ní ọbẹ̀ rẹ dùn." Wọ́n nu ẹnu. "Mo máa ń pè ọ́."

"Ẹ máa ń pè mí síbo?"

"Pé kí o wá jẹun. Kò sí ìgbà tí o gbé oúnjẹ fún mi tí mi ò pè ọ́. O máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ti wọ kóòtù, wàá ní, 'Ẹ ṣeun, Daddy, á gba ibi ire.' Wàá tilẹ̀kùn."

"Kí ni kí n ti wí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa!"

Àwọn ni lóòótọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá kan ní ilé kejì pè mí wá jẹun, mo jókòó, mo bá a jẹ ẹ̀wà. Daddy nà mí dé àárín ọgbà. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ọmọ tí wọ́n bá pè wá jẹun tó sì jókòó, ọmọ tí kò ní òbí ni. Láti ìgbà yẹn, bí ebi ń pa mí kú, á gba ibi ire ni.

"Ìyá rẹ kì í sọ ọ́," ni Daddy wí. "Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sọ ọ́ fún mi rí. Bó yó, bí kò yó, á fọwọ́, á jókòó." Wọ́n wo òjò níta. "Ìwọ, mo kọ́ ọ dáadáa jù."

Mo dìde, mo lọ san owó oúnjẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pe ọ́fíìsì pé mi ò ní wá sí shift. Mo tẹ ẹ̀bà sínú abọ́ kan, mo bu ọbẹ̀ sínú àwo kan, mo gbé omi ìfọwọ́ kan, mo sì bọ́ kóòtù mi kọ́. Mo jókòó kí Daddy tó la ẹnu. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí, wọn ò pè mí. Wọ́n fọwọ́, èmi náà fọwọ́ sínú omi kan náà. Wọ́n ń bu òkèlè, mò ń bu òkèlè. Nígbà tó kan ẹja, mo dúró, torí ọmọ kì í ṣáájú bàbá rẹ̀ mú ẹran. Daddy ṣẹ́ ẹja náà sí méjì, wọ́n fi ìrù síwájú ara wọn, wọ́n sì ti orí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi láìwo ojú mi, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Mi ò kì í jẹ orí ẹja. Mummy ló máa ń jẹ ẹ́. Mo gbé e, mo sì jẹ ẹ́ tán, títí kan ojú.