Inú Ẹ̀rọ Ta Lẹ Wà?

Bùrọ̀dá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ní Port Harcourt. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Nígbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, n kì í pè é ní "ó". "Wọ́n" ni, "ẹ̀yin" ni, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá pè é. Mo ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ gbà mí sí yàrá kọ̀ǹpútà wọn lẹ́yìn tí mo parí ìsìnlú àgùnbánirọ̀. Ooru ń pa èèyàn lóde, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀rọ tutù bí inú fíríìjì. Mi ò mọ̀, búláòsì aláìlápá ni mo wọ̀ lọ. Nígbà tí eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, Bùrọ̀dá bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi bò mí léjìká. "Wọ̀ ọ́, àbúrò. Ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń fi atẹ́gùn fẹ́, àwa kàn bá a jẹ níbẹ̀ ni." Mi ò dá súwẹ́tà náà padà.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, ó gùn tó kọ́bọ́ọ̀dù márùn-ún tí a tò síra wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ fẹ́ tiwọn, àwọn ẹnjiníà fẹ́ tiwọn, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi náà fẹ́ tiwọn. Kò sí àyè tí a lè gbé òmíràn sí, jẹnẹrétọ̀ ò sì lè gbé méjì. Bùrọ̀dá ní òun máa fi ẹ̀rọ kan ṣe mẹ́rin.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ máa là á ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé tí ò ń gbé ní Diobu, yàrá mélòó ni?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Kànga ńkọ́?"

"Ọ̀kan. Ìjà la sì fi ń pọnmi níbẹ̀."

"Ó dáa. Ká ní ẹsẹ̀ onílé yín yá débi pé kí o tó gbé korobá kalẹ̀, omi ti kún un, ó sì ti kún ti àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ṣé wàá mọ̀ pé kànga kan lẹ jọ ń lò?"

"Màá rò pé tèmi nìkan ni."

"O ti gbọ́ ọ."

Onílé yẹn ni ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà. Ó ń pín àkókò ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ fún ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tó máa kó nǹkan rẹ̀ sí. Àwọn ẹ̀rọ náà ò ṣeé fọwọ́ kàn, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì tó jókòó síwájú tirẹ̀ lè tàn án, ó lè pa á, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Bí ti àwọn ẹnjiníà bá dàrú, nọ́ọ̀sì ò ní mọ̀. Ẹ̀kẹrin jẹ́ tiwa, ibẹ̀ la ti ń dán iṣẹ́ tuntun wò. Mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, omi ń bọ́ lójú mi. Bùrọ̀dá ní, "Bà á jẹ́ dáadáa. Torí ẹ̀ la ṣe ṣe é." Kí tíì rẹ̀ tó tutù, ẹ̀rọ náà ti dìde padà. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń yá irú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, wọ́n ń pè é ní sáfà, wọ́n rò pé àná ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ewu kan wà níbẹ̀. Tábìlì kan wà tí a ti ń pàṣẹ fún onílé fúnra rẹ̀, èmi ni mo ń jókòó sí i. Láti orí rẹ̀, a lè wọ inú ẹ̀rọ tiwa, a sì lè jáde, ohun tí ojú sì ń rí nínú gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà jọra. Bí a bá pàṣẹ ìdádúró nínú tiwa, tiwa nìkan ló máa kú. Bí a bá pa àṣẹ kan náà nígbà tí a ti jáde, gbogbo ilé ló máa kú. Mo wá dá àṣà kan sílẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀rọ dúró, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bi í pé inú ẹ̀rọ ta ló wà. Obìnrin Ikwerre kan láti Rumuodara, tó ń bá wa gbé téèpù sórí ẹ̀rọ, fẹ́ràn àṣà yìí débi pé bí mo bá ṣí abọ́ oúnjẹ, á pariwo, "Whose inside you dey?" Èmi náà á dáhùn, "My own belle!"

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Bùrọ̀dá wá jókòó sí tábìlì mi torí gíláàsì tirẹ̀ bàjẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọjọ́ Ajé, a ò tíì dà á kọ sórí téèpù tí a fi ń pa iṣẹ́ mọ́. Bùrọ̀dá ń wọlé, ó ń jáde nínú ẹ̀rọ tiwa. Mo rí i tó fẹ́ dá a dúró.

"Bùrọ̀dá, inú ẹ̀rọ ta lẹ wà?"

Ó wò mí lórí awò ojú rẹ̀. "Èmi lò ń bi? Èmi tí mo kọ́ ẹ?"

Ká ní ẹgbẹ́ mi ni, ǹ bá bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró láàárín ìlà.

Obìnrin Rumuodara tó kọ ẹ̀yìn sí wa yíjú padà. "Chai! Who off am?"

Gbogbo ilé ló kú, iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sì bàjẹ́ pátápátá. Nígbà tí ọ̀gá àgbà wọlé, Bùrọ̀dá ti dìde. Ọ̀gá bi í pé orí tábìlì ta ni àṣẹ ti wá. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Tábìlì rẹ̀ ni." Kò parọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo wá ìwé tí tábìlì náà máa ń tẹ gbogbo àṣẹ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wọlé pa á, kí n fi gba ara mi. Wọ́n ti ya ti ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo dá ìbéèrè sílẹ̀ ni wọ́n pè ní aláìbìkítà.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Iwofe, létí omi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń wo àwọn apẹja níbẹ̀, n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Obìnrin Rumuodara máa ń wá kí mi, ó máa ń sọ fún mi ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe tún un ṣe, bí ẹni ń ròyìn àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, mo ń wọ súwẹ́tà yẹn. Mo kórìíra ẹni tó ni ín, mo sì ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1990, ìyàwó Bùrọ̀dá ránṣẹ́ pè mí sí ilé wọn ní Eliozu. Ojú Bùrọ̀dá ti fọ́. Mo di súwẹ́tà náà sínú ọ̀rá, mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ kí n sì máa lọ. Ó fọwọ́ pa á, ó mọ̀ ọ́n. Ó wá fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti pọ́n, ó ti ká. Ìwé ọjọ́ náà ni, àṣẹ náà àti orúkọ Bùrọ̀dá wà lórí rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, kì í ṣe torí ìdáríjì, àga ni kò sí. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì: "Bùrọ̀dá, inú ẹ̀rọ ta lẹ wà lọ́jọ́ náà?"

Wọ́n fi súwẹ́tà náà bò mí léjìká, wọ́n ní, "Inú ti gbogbo yín ni mo wà, àbúrò. Tábìlì rẹ ni, àmọ́ ọwọ́ mi ni."