"Ulé" Nínú Orin Ìkórè

Ọ̀gá akọrin ìjọ wa, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Aramọkọ, mọ dùùrù tẹ̀. N kò ní bù ú kù: mo kàwé ní Ìbàdàn, n kò sì gbọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pàṣán kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù náà. Lọ́sẹ̀ tí mo dé láti yunifásítì, ó fi na ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́, abiyamọ, nítorí pé "ulé" ló kọ níbi tí ìwé orin ti kọ "ilé". Èkìtì ni wá. "Ulé" ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa dá ẹsẹ kejì kọ lọ́jọ́ ìkórè. Ó fẹ́ràn ẹsẹ náà débi pé kò mọ̀ bóyá kí òun padà sáàárín akọrin tàbí kí òun jókòó sílé.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, mọ́tò sinimá wá sí pápá ilé ìwé. Eré olórin ńlá kan ni, tó máa ń lu àwọn tó ń bá a kọrin. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ọ̀gá akọrin ló ń túmọ̀. Olórin náà gbá obìnrin kan létí.

Ọ̀gá ní, "Ó ń kọ́ ọ lórin ni o."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbọ́ Òyìnbó kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, obìnrin náà àti àwọn akọrin yòókù ti lọ, olórin náà ń tẹ dùùrù fún àga òfìfo.

Ọ̀gá ní, "Wọ́n lọ jẹun ni. Wọ́n ń bọ̀."

Ìyá àgbà kan ní, "Irú oúnjẹ wo nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá. "Àbúrò, kí lobìnrin yẹn wí kó tó lọ?"

Mo rò ó wò, kí n má baà fi kún un. "Ó ní òun ò kọrin fún un mọ́."

"Ṣó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Nígbà ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, mo jókòó lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ kejì, ó sì kọ "ulé" ketekete. N kò rò pé ẹnu rẹ̀ ló yọ̀.

Ọ̀gá mú pàṣán. "Kí lo wí?"

"Ulé, sà. Ibẹ̀ ni mò ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde. N kò lè sọ pé àwọn tó kù tẹ̀ lé e, wọ́n dúró. Ọ̀gá padà sídìí dùùrù, ó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbè é.

Ó tún un tẹ̀.