Òwú Tí Mo So Mọ́ Ẹsẹ̀ Pákó

Mo rántí ariwo kékeré tí pákó àbúrò mi máa ń ṣe lórí tábìlì nílé wa ní Ìsẹ́yìn, bí eyín ọmọdé tó ń gbá ara wọn nígbà ọyẹ́. Pákó onígun mẹ́rin ni, ó dúró lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tó gùn dọ́gba. Ìṣirò ni àbúrò mi ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì wá parí ìwé ìwádìí rẹ̀ sílé. Èmi tí mo ka sẹ́kọ́ńdìrì tán, tí mo jókòó ti òfì bàbá wa, ni mò ń se oúnjẹ fún un, mo sì máa ń bi í léèrè.

Ó ní àkójọ nọ́ńbà méjì lòun ní: ọ̀kan sọ bí àwọn irin náà ṣe le tó, èkejì sọ bí pákó ṣe wúwo tó. Inú àpapọ̀ méjèèjì ló ti ń rí àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí pákó yóò ṣe yára mì tó. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, méjì nínú wọn jẹ́ iye kan náà: ọ̀kan fún mímì síwá-sẹ́yìn, ọ̀kan fún mímì sọ́tùn-ún-sósì. Níbi tí wọ́n bá ti dọ́gba bẹ́ẹ̀, pákó kò ní ọ̀nà tó yàn láàyò; ibi yòówù tí a bá tì í sí ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, tààrà. Ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi han ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì lọ́jọ́ Ajé nìyẹn.

Ní Sátidé, mo fẹ́ nu tábìlì náà. Àwa ahunṣọ kì í gbé ohun tí a tò kúrò láìsàmì sí i. Mo fa òwú funfun kan láti ìdí irin kan dé orí èkejì rẹ̀, lápá ògiri, kí n lè mọ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri, kí n sì dá a padà bó ṣe wà gan-an. Mo dá a padà, mo gbàgbé òwú. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ìṣọ́ra mi.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi fi ìka ti pákó síhà igun kan. Ó lọ tààrà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, nígbà tó yá ó ń mì síhà igun mìíràn. Ó tún un ṣe títí. Ó padà sídìí ìṣirò, kò rí àṣìṣe. Oúnjẹ rẹ̀ ti tutù, inú sì bí mi.

Mo ní, "Gbogbo ìwé tí o kà yìí, mímì pákó lásán ni kò lè mọ̀? Wá jókòó ti òfì, ìyẹn ń gbọ́ràn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti ń di ẹrù. Ó ní òun yóò lọ gba iṣẹ́ tíṣà tí wọ́n fi lọ òun ní Ṣakí, ìṣirò kì í ṣe tòun. Bí mo ṣe ń bá a gbé pákó ni ọwọ́ mi kan òwú. Mo tú u, mo ti pákó. Tààrà ló ń lọ.

"Èmi ni mo so ó," ni mo wí. "Àforíjì. Òwú lásán ni."

Ó gba òwú náà, ó so ó, ó tú u, ó tún un so. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òwú lásán yẹn gan-an ni mò ń kọ ìwé lé lórí. Bí nọ́ńbà méjì bá dọ́gba, ohun tí ò tó nǹkan ló máa yan ọ̀nà fún wọn. Nọ́ńbà náà á yẹ̀ bíńtín, ọ̀nà á sì yí pátápátá."

Ó tú ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sì yege.

Mo tọrọ àforíjì nítorí òwú. N kò tọrọ ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo rò pé ó ti bá òwú lọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti ń kọ́ni ní yunifásítì báyìí. Bó bá wálé ọdún, mo máa ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Yóò ní, "Dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n mi," yóò sì bi mí nípa aṣọ tí mò ń hun. Kì í ṣàlàyé kọjá ibẹ̀ mọ́. Ìbéèrè kejì máa ń wà lẹ́nu mi. N kì í lè bi í.