Ohun Tí A Kì Í Sọ Tẹ́lẹ̀

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Norway, àwọn ojúlùmọ̀ mi ní Thamesmead, ní London, bi mí pé kí ni nọ́ọ̀sì tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì fẹ́ fi èdè òtútù yẹn ṣe. Mo ní mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ọmọbìnrin mi tó fẹ́ ará Norway ló lóyún, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan. Èmi àti obìnrin náà la jọ máa wà nínú ilé nígbà tí mo bá lọ wẹ ọmọ. Mo fẹ́ lè bá a sọ̀rọ̀.

Woolwich ni kíláàsì wa, láàárọ̀ Sátidé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ni mo bá níwájú? Auntie kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní òun kàn ń wá nǹkan fi ṣeré ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ lèmi náà.

Kò pẹ́ tá a fi dé ibi bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ iwájú. Tíṣà wa, ọmọge kan tó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ní tí èèyàn bá ti pinnu nǹkan, “skal” ni yóò lò. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà, bíi “lọ́la”, lo fi bẹ̀rẹ̀, “skal” ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kó o tó sọ pé “èmi”. Ó ní ká sọ ohun tá a fẹ́ ṣe. Ọ̀kan lóun máa ra ilé, òmíràn lóun máa kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, lójú gbogbo ayé! Ẹnu yà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í sọ títí bàálù yóò fi balẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní, “I morgen skal jeg spise ris”: lọ́la, ìrẹsì ni màá jẹ. Auntie ní ẹ̀wà lòun máa sè.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹun lọ, Sátidé lẹ́yìn Sátidé. Tíṣà rò pé kò yé wa. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé bóyá ká padà sí kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá padà, ọmọ á ti dé kí n tó lè kí ìyá bàbá rẹ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Nígbà oyún àkọ́kọ́ tí ọmọ mi ní, mo sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, oyún náà sì bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu mi ló fà á, síbẹ̀ mo pa ẹnu mi dé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tíṣà tún béèrè. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, “Til sommeren skal jeg bli bestemor.” Nígbà ooru, màá di ìyá àgbà. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Auntie wò mí lọ títí. Nígbà tó kàn án, ó tún ní ẹ̀wà lòun máa sè. Inú bí mi gan-an: ó ti gbọ́ àṣírí mi, ẹ̀wà ló sì fi dá mi lóhùn.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ lọ sílé, ó jókòó tì mí, ó wẹ̀yìn bóyá ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀, ó wá sún mọ́ etí mi.

“Sister mi, ẹ má bínú. Son mi wà ní Norway, ọmọ ibẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀, ó ti pregnant. Mi ò tíì sọ fún anybody, pastor gan-an ò mọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ́ òun ní gbólóhùn ìyá àgbà yẹn. Ó kọ́kọ́ rọra sọ ọ́ sí fèrèsé. Ó tún un sọ. Ìgbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà nínú gbogbo bọ́ọ̀sì náà, ó gbóhùn sókè, ó ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín títí a fi sọ̀ kalẹ̀.